Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ooru Ọ̀sán Nínú Kíláàsì

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni lẹ́tà nípa ooru ti ń wọlé sórí tábìlì wa, púpọ̀ nínú wọn sì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣogbo. Ìgbà ooru tiwa yàtọ̀ sí ti àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ooru máa ń mú ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sì ti gba ìsinmi kí ó tó le tán. Níhìn-ín, oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn sáà kejì, tí ìdánwò sáà náà fi ń bọ́ sí àwọn ọ̀sẹ̀ tí oòrùn mú jù lọ. Nígbà tí a bá wá ń ṣe ẹ̀kọ́ ìsinmi tí a ń pè ní sọ́mà lẹ́sìn nínú oṣù Kẹjọ, òtútù òjò ni àwọn ọmọ ń bá pàdé. A kò lè retí kí ìsinmi gbà wá. Inú kíláàsì gan-an ni a ó ti wá ìtura.

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà nìyí. A gé wọn kúrú díẹ̀, a kò sì dárúkọ ilé-ìwé kankan.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀. Ọmọ méjìléláàádọ́ta ló wà nínú yàrá mi. Yàrá náà kò ní àjà, páànù nìkan ló wà lórí wa. Bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, àwọn ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, ìwé a máa lẹ̀ mọ́ wọn lápá, èmi náà a sì máa kanra mọ́ wọn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Kò sí iná, kò sí fáànù, a kò tilẹ̀ mẹ́nu ba éésì. Kí ni olùkọ́ tí kò ní owó lọ́wọ́ lè ṣe? — *Olùkọ́ obìnrin, Òkè-Baálẹ̀*

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ọdún mọ́kànlá ni èmi náà fi kọ́ni kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, nínú yàrá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí tiyín gẹ́lẹ́. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi nígbà náà tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí yóò sì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a wí pé kò bójú mu. Ó pẹ́ kí n tó bọ́ bàtà tèmi lọ́jọ́ kan, tí mo sì rí i pé ilẹ̀ yẹn nìkan ni ohun tútù tó kù nínú yàrá náà. Ọmọ náà ti mọ ohun tí èmi olùkọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀: òkè ni ooru ti ń wá.

Ẹ dúró lórí àga ní agogo kan ọ̀sán, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè sí páànù láì fọwọ́ kàn án. Bí ìgbà tí ènìyàn ń yáná ní ìdí ààrò ni yóò ṣe rí. Ní Òṣogbo, oòrùn ọ̀sán máa ń gba àárín orí wa kọjá ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹrin, tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji ènìyàn a ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òrùlé, kì í ṣe ògiri, ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn náà. Páànù tuntun tó ń dán a máa dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sókè, ṣùgbọ́n èyí tó ti dípẹtà ń gbé e mì ni, yóò sì máa tú u sórí àwọn ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí ara má sì tù yín síbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo àlàfo tó wà láàárín orí ògiri àti òrùlé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa lọ sókè, bí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, yóò dúró síbẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, àwọn tó kọ́ ilé náà fi àlàfo yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ni wọ́n fi pákó tàbí páálí dí i nítorí àdán, ẹyẹ tàbí olè. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó. Bákan náà ni fèrèsé: atẹ́gùn kì í wọ yàrá tí kò ní ibi tí yóò gbà jáde, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí òkìtì ìwé àtijọ́ dí àwọn tó wà lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ tò. Ìṣirò àti ohunkóhun tó gba ìrònú jinlẹ̀ kò yẹ kó kọjá agogo mọ́kànlá. Orin, ìtàn sísọ, àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ó wà fún ọ̀sán, bí igi bá sì wà nínú ọgbà, ẹ kó àwọn ọmọ jáde sábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú pé olùkọ́ gbé pátákó rẹ̀ jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Eré ìdárayá gbọ́dọ̀ bọ́ sí kùtùkùtù, àpéjọ òwúrọ̀ kò sì gbọdọ̀ di ìwàásù gígùn tí àwọn ọmọ yóò fi wà lórí ìdúró nínú oòrùn. Àdúrà, orin orílẹ̀-èdè, ìkéde méjì, ó tó.

Ẹ tún gbé omi wọ kíláàsì. Ìkòkò àmù tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí ìdí ògiri ṣì wúlò títí di òní. Omi díẹ̀díẹ̀ ń sun jáde lára amọ̀ náà, bí atẹ́gùn bá sì ti ń gbẹ ẹ́ ló ń kó ooru inú omi lọ, gẹ́gẹ́ bí òógùn ti ń ṣe lára ènìyàn. Ẹ gbé e sórí iyanrìn tútù níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjá, kí ẹ fi ìdérí bò ó, kí ẹ sì máa fi ìgbákọ ọlọ́wọ́ gígùn bu omi sínú ife tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú wá láti ilé. Mo tẹnu mọ́ ife yìí nítorí pé kọ́lẹ́rà kò jìnnà sí ibi tí àádọ́ta ọmọ ti ń ki ife kan ṣoṣo bọ inú omi. Ẹ má sì dúró de àkókò ìsinmi kí wọ́n tó mu ún; ọmọ tó ń ṣeré tàbí tó ń ronú kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Èyí tó gba owó ni òrùlé fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ọ̀dà funfun tí a bá fi kun páànù láti òde, lẹ́yìn tí a bá ti ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò, ni ìnáwó rẹ̀ kéré jù. Ní ìlú Ahmedabad ní Íńdíà, níbi tí ooru ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 2010, ìjọba ìlú náà gbé ètò ìdáàbòbò lọ́wọ́ ooru kalẹ̀ ní 2013, kíkun òrùlé àwọn aláìní ní funfun sì di ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn ọ̀dà ni àjà. Kódà bó jẹ́ ẹní ọparun ni káfíńtà kàn mọ́ abẹ́ igi àjà, ó ti dí ojú páànù kúrò lórí àwọn ọmọ.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà ní abúlé Gando ní Burkina Faso. Francis Kéré, ọmọ abúlé náà, tó lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Jámánì, ti fìgbà èwe rẹ̀ jókòó nínú kíláàsì tó gbóná tó sì ṣókùnkùn. Nígbà tí ó padà wá kọ́ ilé-ìwé fún àwọn ará ilé rẹ̀, èyí tó parí ní 2001, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ ṣe àjà, ó wá gbé páànù ró sókè réré kúrò lórí àjà náà, òrùlé ọ̀hún sì gbòòrò kọjá ògiri kí ó lè ṣíji bò ó. Atẹ́gùn ń gba àárín àjà àti páànù kọjá, ó sì ń gbé ooru lọ kí ó tó kan ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwé kékeré yìí gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní 2004, nígbà tí ó sì di 2022, Kéré di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù lọ láàárín àwọn ayàwòrán ilé. Páànù tí gbogbo wa ń lò náà ni òun náà lò. Ibi tí ó gbé e sí ló yàtọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ní ilé-ìwé aládàáni kékeré kan ní Àlẹ́kúwodò. Ilé-ìwé kan tó wà nítòsí wa ti kọ ọ́ sára pátákó ìpolówó pé gbogbo kíláàsì àwọn ló ní éésì, àwọn òbí sì ti ń bi wá pé tiwa dà. Mo fẹ́ yá owó ra oníhọ́ọ̀sì kan sí yàrá kọ̀ọ̀kan, yàrá mẹ́fà, kí n sì ra jẹnẹrétọ̀ ńlá kún un. Ọmọ márùndínlógójì ló wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí ni ẹ rí sí i? — *Olùdásílẹ̀ ilé-ìwé, Àlẹ́kúwodò*

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì tọwọ́ bọ gbèsè náà. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ara ènìyàn jẹ́ ààrò kékeré. Ọmọ kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó nǹkan bí 70 wáàtì jáde. Ọmọ márùndínlógójì yóò tú 2,450 wáàtì jáde. Ẹ̀rọ amúlétutù oníhọ́ọ̀sì kan, bó bá jẹ́ tuntun tí iná sì dúró dáadáa, lè kó nǹkan bí 2,600 wáàtì ooru kúrò nínú yàrá. Ìyẹn ni pé ooru ara àwọn ọmọ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo agbára rẹ̀, kí a tó ka olùkọ́, kí a tó ka ògiri, kí a tó ka òrùlé. Ẹ̀rọ náà yóò máa ké láti àárọ̀ dé ìgbà tí wọ́n bá jáde, owó yóò máa lọ, ara kò sì ní tu àwọn ọmọ tó bí ẹ ti rò.

Ẹ wá wo apá kejì. Fáànù òkè aja kan ń jẹ nǹkan bí 75 wáàtì. Bí ẹ bá so méjì-méjì mọ́ yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjìlá ni gbogbo rẹ̀, àròpọ̀ ohun tí wọ́n ń jẹ sì jẹ́ 900 wáàtì, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ohun tí éésì kan ṣoṣo ń jẹ lọ. Owó tó kù, ẹ fi kun òrùlé, ẹ fi ṣe àjà tó dára, kí ẹ sì ra páńẹ́lì sólà tí yóò máa yí àwọn fáànù náà. Ilé-ìwé kì í ṣiṣẹ́ lóru. Ìgbà tí oòrùn bá mú jù ni ẹ nílò fáànù jù, nítorí náà bátìrì kékeré ti tó. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ pé fáànù kò sọ afẹ́fẹ́ di tútù, òógùn ló ń gbẹ lára. Ní ọjọ́ tí ooru bá kọjá dígírì 35 tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, kí àwọn ọmọ fi omi pa ojú, ọrùn àti apá kí fáànù tó lè ṣe wọ́n lóore.

Èmi kò sọ pé éésì kò dára. Bí ẹ bá ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ẹ fi sí yàrá tí àwọn ọmọ tí ara wọn kò yá lè sinmi sí. Yàrá tí a tì pa nítorí éésì, tí ọmọ márùndínlógójì ń mí sínú rẹ̀ láì sí afẹ́fẹ́ tuntun, a máa mú oorun wá, ikọ́, ọ̀fìnkìn àti èèyí a sì tètè ràn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ lo jẹnẹrétọ̀, kí ó jìnnà sí fèrèsé gbogbo, nítorí gáàsì olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀ kò sì ní òórùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo aṣọ ilé-ìwé náà. Mo ti rí ọmọ ọdún márùn-ún tó wọ kóòtù, táì àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún ní oṣù Kẹta, aṣọ náà sì jẹ́ pọ́líẹ́sítà tí kì í fa òógùn rárá. Ó dùn mí. Ìlú aró ni Òṣogbo, a mọ ohun tí aṣọ òwú ń ṣe fún ara ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ gba àwọn ọmọ láyè láti wọ òwú tó fẹ̀ ní sáà kejì, kí ẹ sì kọ ìyẹn sára pátákó tiyín.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dé láti ilé-ìwé pẹ̀lú orí fífọ́, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ rẹ̀ ní ooru ni. Kókó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì ti yọ sí i lọ́rùn àti lẹ́yìn. Ṣé kí n dá a dúró sílé títí òjò yóò fi rọ̀ ni? — *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun*

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má dá a dúró sílé bí ara rẹ̀ bá ti yá. Kókó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yẹn sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ń fi omi tútù wẹ̀, tí ó ń wọ aṣọ òwú tó fẹ̀, tí ẹ kò sì fi ìpara ọlọ́ràá dí ihò ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí fífọ́ àti èébì ni kí a fara balẹ̀ wò. Ooru lè fà á: òòyì, orí fífọ́, èébì, iṣan ẹsẹ̀ tó ń sún kì, òógùn tó pọ̀. Ọmọ tó bá rí báyìí, ẹ gbé e lọ sí ibòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù pa á lára, kí ẹ sì fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ORS, dára púpọ̀ bó bá ti làágùn gan-an. Kò yẹ kó kọjá ìdajì wákàtí kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, bí kò bá mọ ibi tó wà, bí ó bá dákú tàbí tí gìrì mú un, tí ara rẹ̀ sì gbóná tó dígírì 40, ewu ńlá ni. Ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ da omi tútù sí i lára, pàápàá ọrùn, abíyá àti ìtan, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹnìkan sì máa wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ìtutù ni kí ó ṣáájú, nítorí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù ni kí a máa fi ooru bo àìsàn mìíràn mọ́lẹ̀. Ibà a máa fa orí fífọ́ àti èébì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn lọ́rùnlọ́rùn, èyí tó máa ń jà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọrùn ọmọ yóò le tí kò ní lè tẹ orí ba, tí ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa dà á láàmú. Ọmọ tó bá ń gbóná títí di òru nígbà tí ilé ti tutù, kì í ṣe ooru kíláàsì ló ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo wà ní ìpele àṣekágbá ní ilé-ìwé girama, mo sì ń múra ìdánwò WAEC. Bàbá mi ní inú ooru yìí kan náà ni àwọn ti kàwé láì ráhùn, pé ọ̀lẹ ni àwa. Ṣé òótọ́ ni pé ooru lè mú kí ìwé má wọ orí? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí èsì ìdánwò nǹkan bí mílíọ̀nù 10 akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí i pé níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ amúlétutù, bí ọdún ilé-ìwé kan bá fi dígírì Fahrenheit kan péré, tó lé díẹ̀ ní ìdajì dígírì Celsius tí a ń lò níhìn-ín, gbóná ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ohun tí àwọn ọmọ kọ́ lọ́dún náà ń dín ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní South Sudan, ìjọba ti gbogbo ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù Kejì 2025 nítorí pé àwọn ọmọ ń dákú nínú ooru. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Fi ọ̀wọ̀ bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀, kí o sì bi wọ́n bí kíláàsì tiwọn ti rí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àtijọ́ ní ògiri tí kò ju ìdajì lọ, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé-jáde, igi ńláńlá sì yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi náà ni a ti gé láti fi kọ́ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ayé fúnra rẹ̀ sì ti gbóná sí i. 2024 ni ọdún tó gbóná jù lọ láti ìgbà tí a ti ń wọn ooru ayé. Bí ẹ̀yin ọmọ kíláàsì rẹ bá fẹ́ fi ohun kan sílẹ̀ fún àwọn àbúrò yín, ẹ gbin dóńgóyárò tàbí fúrúùtù sí ìhà ìwọ̀ oòrùn kíláàsì nígbà tí òjò bá dúró dáadáa ní oṣù Karùn-ún, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọ ojú fèrèsé. Ẹni tó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun ní ọ̀sán oṣù Kẹta mọ bí atẹ́gùn ti ń yí padà lára ènìyàn bó bá ti rìn wọ abẹ́ igi.

Ní ti ìwé kíkà rẹ, tètè sùn, kí o sì jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí páànù ti tutù tán. Ìṣirò àti físíìsì ni kí o fi ṣáájú. Bí o bá gbọ́dọ̀ kàwé lọ́sàn-án, kúrò nínú yàrá bọ́ sí ibòji, gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, bọ́ bàtà, kí o sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi. Ní ọjọ́ ìdánwò, mu omi kí o tó kúrò nílé, kí o sì tètè dé kí o lè jókòó tù ara lára kí wọ́n tó pín ìwé ìbéèrè.